Ọ̀rá Tó Ń Dínà Ẹ̀jẹ̀ Ọkàn

Ẹ̀yin ará wa, ẹran ara tí kì í sinmi ni ọkàn; ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń bọ́ ọ. Bí a bá ń jẹ ọ̀rá ẹran àti bọ́tà jù, ọ̀rá a máa dì sínú wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà a sì há. Bí òpó kan bá dí pátápátá, ibi tí kò rí ẹ̀jẹ̀ yóò kú, kì í sì í hù padà. Agbára ọkàn yóò dínkù. Hàláàlì ni ẹran Iléyá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò kí a tó sè é. Ẹni tí àyà bá ń fún bó bá ń rìn, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.