Kí Ló Ń Dúró De Ọkọ̀ Yìí?

Ẹni tó bá ń wo fíìmù àgbéléwò Yorùbá mọ ìran yìí dáadáa: mágàdí ṣí géètì, jíìpù yọ jáde, orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí ẹnìkan nínú pálọ̀ á fi ní, "Ẹ tiẹ̀ sáré fo ibí yìí." Mi ò bá onítọ̀hún jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀gá lówó ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni The Italian Job, fíìmù tó jáde ní 1969, ṣe bẹ̀rẹ̀. Lamborghini Miura kan, aláwọ̀ ọsàn, ń gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ orí òkè Alps ní Great St Bernard, níbi tí Ítálì ti bá Switzerland pààlà. Gíga ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 12 rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, wọ́n gbé e dábùú. Matt Monro ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọrin ìfẹ́ tí Quincy Jones ṣètò ohùn rẹ̀. Òṣèré Rossano Brazzi wà nídìí ọkọ̀, ó de awò dúdú mọ́jú, sìgá ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó ń já kọ́nà bí ẹni tí ayé yẹ.

Lẹ́yìn nǹkan bí iṣẹ́jú mẹ́ta, ó wọ ihò ọ̀nà abẹ́ òkè kan. Katapílà ló pàdé níbẹ̀. Gbàù! Katapílà yẹn náà ló ti àlàpà ọkọ̀ jáde, tó dà á sínú ọ̀gbun. Ọ̀gá àwọn Máfíà sì ju òdòdó òkú tẹ̀lé e. Ète láti jí góòlù ní ìlú Turin ló kó ọkùnrin inú ọkọ̀ náà sí wàhálà. Ẹni tí òṣèré Michael Caine ṣe nínú fíìmù náà ló wá jogún iṣẹ́ náà.

Ká ní wọ́n gé ìrìn ọkọ̀ yẹn kúrú ni, ikú ọkùnrin náà ò ní kàn wá. Ìgbà tí orin ti mú ara tù wá tán ni wọ́n gbá wa létí.

Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, Miura mìíràn tó ti ní jàǹbá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tì sí ọ̀gbun o. Ti oníbàárà ni èyí tó dára, Enzo Moruzzi, awakọ̀ ilé iṣẹ́ Lamborghini, ló sì wà á. Wọ́n tiẹ̀ yọ àga aláwọ funfun inú rẹ̀, wọ́n fi dúdú rọ́pò, kí ó má baà bàjẹ́. Ní 2019, Lamborghini fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà férémù rẹ̀ jẹ́ 3586 ni Moruzzi wà nínú fíìmù náà.