Ta Ni Yóò Bá Yín Yan Gàrí?

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Jẹ́bà jáde kúrò ní Ìlọrin, yóò dé Òkè-Ọyì, tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń ṣe, ẹ̀gẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé bí ìyàwó ilé kan bá kó àjọ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí ó fi jáàkì méjì àti agbada mẹ́ta kún un, kí ó sì di oníléeṣẹ́ gàrí. Owó ẹ̀rọ ni a máa ń dààmú lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ìyá tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ní alátùn-únṣe. Òṣìṣẹ́ tí kò wá ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Bí ẹ bá ra ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan lónìí, tí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà tí yóò bó o bá lọ síbi ìnáwó láìsọ fún yín, apá kan rẹ̀ ti di oúnjẹ ewúrẹ́ nìyẹn. Ẹ sì rántí pé nínú 100 kílò ẹ̀gẹ́ tútù, gàrí tí a ó rí kò ju nǹkan bí 20 sí 25 kílò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ti èrè nìkan. Ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, pàápàá èyí tí ó korò. Rírin tí a ń rin ín, fífi tí a ń fi í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, títẹ̀ tí a ń tẹ omi rẹ̀ dànù àti yíyan tí a ń yan án, àwọn ni wọ́n ń lé oró náà jáde. Òṣìṣẹ́ tí ó bá kánjú tú àpò kúrò lábẹ́ jáàkì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń fi ṣeré. Èyí tí kò bá sì yan án gbẹ dáadáa, inú àpò oníbàárà ni gàrí náà yóò ti bu. Nítorí náà, ẹni tí a lè fọkàn tán nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹni tí kì í jalè nìkan. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ bí ó ti yẹ nígbà tí ojú yín kò sí níbẹ̀ ni.

Níbo ni irú wọn wà? Àwọn kan yóò ní kò sí mọ́, pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àgbà ti ń sọ ọ́ nípa ọ̀dọ́, àwọn tí wọ́n sì sọ ọ́ nípa wọn nígbà náà ni àgbà òṣìṣẹ́ tí à ń yìn lónìí.

Ní 1913, ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Henry Ford ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di dandan láti gba ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ láàárín ọdún kan, kí ibi iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ nǹkan bí 14,000 má baà ṣófo. Iṣẹ́ náà súni. Ní oṣù kìn-ín-ní 1914, Ford kéde pé owó iṣẹ́ òòjọ́ yóò di dọ́là márùn-ún, èyí tí ó tó ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Kò pẹ́ tí iye àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi já wálẹ̀ gidigidi. Ètò iṣẹ́ náà ni ó yí padà. (Wọn kò kọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní owó yẹn, àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ a sì máa wá wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé nínú ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ìyẹn lára wọn.)

Ní ìtòsí wa, ẹ wo Ẹbu Dàda ní Òkèlélé ní Ìlọrin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Ọmọbìnrin a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. A kì í gbé ìkòkò ńlá lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ojú ìyá ni ó ń ṣọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Àjèjì ni ẹ̀yin yóò gbà ní tiyín. Àdéhùn tí ó yé tọ̀tún-tòsì ni yóò dípò ojú ìyá.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìdánwò, kí ẹ sì san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà fún un. Ìdánwò tí a kò san owó rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Ẹ bèèrè onídùúró, kí ẹ sì lọ sí ilé onídùúró náà fúnra yín. Àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ lè san owó wọn ní iye agbọ̀n tí wọ́n bá bó. Ẹ má ṣe san owó ẹni tí ń yan gàrí bẹ́ẹ̀: bí ó bá jẹ́ iye kóńgò ni ó ń wò, yóò kó gàrí kúrò lórí iná nígbà tí kò tíì gbẹ. Owó òòjọ́ tàbí ti oṣù ni kí ẹ fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ obìnrin ti ń fọ́. Ìyá ọkọ yín mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá, ó ní, “Ìyàwó wa, bá mi mú ọmọ yìí síbi iṣẹ́ rẹ.” Bí ẹ bá kọ̀, ẹ ti di aláfojúdi. Bí ẹ bá gbà á, tí kò sì tètè ń dé, báwo ni ẹ ó ṣe bá a wí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ ni òun náà jẹ́ sí yín? N kò ní sọ pé kí ẹ má gba ẹbí. Ẹ kúnlẹ̀ kí Màmá, ẹ dúpẹ́ pé wọ́n ro ti iṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ iye owó, àkókò iṣẹ́ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá pa ọjọ́ jẹ, lójú wọn àti lójú ọkọ yín, kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti hàn lójoojúmọ́, irú bí ẹ̀gẹ́ bíbó. Ẹ má fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá bó agbọ̀n mẹ́ta, owó agbọ̀n mẹ́ta ni kí ó gbà. Agbọ̀n ni yóò bá a wí, kì í ṣe ìyàwó ilé.

Àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ìyá ọlọ́mọ bíi tiyín ni púpọ̀ nínú wọn yóò jẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti 1974, ní kí a fún ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú àkókò iṣẹ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹ wá ibi tí èéfín ààrò kò dé fún àwọn ọmọ náà. Ìyá tí ó mọ̀ pé ọmọ òun wà ní ìtòsí kò ní máa wá àwáwí láti tètè lọ sílé. Òfin kan náà kò gbà kí a máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé.

Òfin náà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹ má dúró di ìgbà náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé ti tó: orúkọ, irú iṣẹ́, iye owó, ọjọ́ ìsanwó, ọjọ́ ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan yóò fi ṣe ìkìlọ̀ kí ó tó fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí òun náà mú ọ̀kan lọ sílé.