Ọkọ̀ Omi Tí Bátìrì Ń Tù

Odò Ọ̀tìn tí a sé ní Eko-Ende ni a ṣètò kí àwọn ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lè rí omi mu. Ẹ̀rọ ọkọ̀ àtijọ́ tí a ń po òróró mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ a máa tu díẹ̀ nínú epo náà sómi láìjó. Lórí omi mímu, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ̀rọ bátìrì kì í lo epo bẹ́ẹ̀, kì í sì í pariwo.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní ọdún 1838, Jacobi fi bátìrì tu ọkọ̀ lórí odò Neva ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Iná bátìrì ni ó ń yí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ a yí abẹ̀bẹ̀ irin, abẹ̀bẹ̀ a sì ti omi sẹ́yìn.

Ìṣirò ni apẹja gbọ́dọ̀ mọ̀. Bátìrì olójé tí a kọ ámpíà-wákàtí 100 sí lára, ìdajì rẹ̀ ni kí a lò, kí ó má baà tètè bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń gba ámpíà 25, wákàtí 2 péré ni, àlọ àti àbọ̀. Ẹni tí ó bá ná gbogbo rẹ̀ ní àlọ yóò fi àjẹ̀ padà wálé. Bátìrì lithium fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Níbi tí iná ìjọba kò dé, oòrùn lè fi agbára sí méjèèjì.