Ìwúwo Ọkọ̀ Lórí Táyà Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn jù kì í dúró déédéé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí a lè yí sípíríǹgì rẹ̀ sókè tàbí sódò. Bí a bá gbé ti iwájú ọ̀tún sókè, ìwúwo yóò pọ̀ lórí rẹ̀ àti lórí ẹ̀yìn òsì. Táyà méjì yòókù yóò fúyẹ́. Bí a bá tẹ bíréèkì lójijì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, táyà tó fúyẹ́ lè yọ̀.

Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí, kí ó fi òṣùwọ̀n sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ jókòó sínú rẹ̀. Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì gbọ́dọ̀ jọ gbé nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ kò ṣe é yí kò nílò èyí. Ẹ ṣáà má gé e, kí ẹ sì pín ẹrù dọ́gba.