Igi Eléso Kò Bá Wọn Jà: Ojúṣe Kristẹni Lórí Ilẹ̀ Ọbajana

Ọlọ́run fi òkúta ta Ọbajana lọ́rẹ. Ìlú yìí wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Kàbà, ní ilẹ̀ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n jẹ́ ìbátan Yorùbá. Òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí ó wà níbẹ̀ fi di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ìjọba ní òun ní ìpín nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti ṣí ilé-iṣẹ́ padà. Ìbéèrè tí ó gba ẹnu ènìyàn nígbà náà ni pé, ta ni ó ni ilé-iṣẹ́? Ìbéèrè mìíràn tún wà tí ó tọ́ sí Kristẹni láti béèrè: ta ni yóò tọ́jú ilẹ̀?

Nínú ìwé Deuterónómì orí 20, a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé bí wọ́n bá dó ti ìlú kan láti bá a jagun, wọn kò gbọdọ̀ gé igi eléso ibẹ̀ lulẹ̀. Igi kì í ṣe ọ̀tá tí wọ́n wá bá jà. Bí Ọlọ́run bá dáàbò bo igi nígbà ogun, mélòó mélòó ni nígbà àlàáfíà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Kí òkúta ẹfun tó di sìmẹ́ńtì, a ó fọ́ ọ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì sun ún nínú iná tí ó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí Sẹ́ńtígíréèdì. Eruku ń jáde níbi ìfọ́ àti ìlọ̀. Èéfín tí ń mú ayé gbóná ń jáde láti inú iná àti láti inú òkúta náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí òkúta bá sì tán, ọ̀fìn ni yóò kù sílẹ̀.

Síbẹ̀, òtítọ́ kò gbọdọ̀ fì sí apá kan. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà Ọbajana sí Kàbà, tí ó gùn ní kìlómítà 43, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá yin ohun rere kò di ẹrú ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá béèrè nípa eruku kò di ọ̀tá rẹ̀. Kristẹni lè dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wù ú, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà nígbà tí ìjọba bá yí.

Àwọn àgbà ní ẹnu tí ń jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Èlíjà, tí kì í jẹun nídìí tábìlì Jésébélì, ni ó lè kojú Áhábù lórí ọgbà Nábótì. Ìjọ tí ó bá ń retí àpò sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ olóṣèlú tàbí ilé-iṣẹ́ kí ó lè parí ilé ìsìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wúwo.

Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀. Òfin ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká fún aráàlú láyè láti sọ èrò wọn. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ẹni tí yóò wa ilẹ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ àti gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún wálé fún ìkórè, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú béèrè fún irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sétí àwọn àgbà. Kí a béèrè ohun tí a ó fi dí ọ̀fìn, àti ẹni tí yóò máa yẹ omi odò wò. Iṣu tí a ń gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, inú ilẹ̀ yẹn ni ó ti hù.