Kí ló ń mú kí olùkọ́ àjèjì dà pọ̀ mọ́ ará ìlú? Ẹ̀kọ́ wà n'Ìbàdàn àti Òṣogbo

Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ England ti fàyè gba àwọn olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá pójú òṣùwọ̀n láti béèrè fún ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti ibẹ̀. Owó oṣù àti físà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù: ṣé olùkọ́ náà á lè bá ará ibẹ̀ gbé?

Ìbéèrè yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló ń wá kọ́ni nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan dọmọ ilé, àwọn mìíràn ò rí i ṣe.

Póòsìkáàdì tó dá wàhálà sílẹ̀

Ọdún 1961 ni Ààrẹ John F. Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀, ètò tó ń rán àwọn ará Amẹ́ríkà lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun fún ọdún méjì. Àwọn kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà wà ní University College Ibadan, níbi tí wọ́n ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lọ kọ́ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, kọ póòsìkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó sọ níbẹ̀ pé ìgbé ayé ìlú náà burú, pé ìta gbangba làwọn èèyàn ti ń dáná, tí wọ́n ti ń tajà, tí wọ́n tún ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì ọ̀hún bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kíá, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ọgbà, wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ní káwọn àlejò náà máa lọ. Michelmore tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ láti bá àwọn tó kù jẹun pọ̀. Ìgbà tí wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀ ni ara tó rọ̀.

Ṣebí ará Ìbàdàn náà mọ̀ pé ìlú wọn níṣòro. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ lẹ́yìn òmìnira, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sì ń fi ẹ̀yìn wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹni tó jáde kúrò nínú ọgbà

Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé yunifásítì yìí kan náà lọ́dún 1950. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn odi ọgbà. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé ìlú kéékèèké, ó sì gbé ní Ẹdẹ, Ìlobù àti Òṣogbo. Ó bá Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, dọ́rẹ̀ẹ́, ọba tó mọ ìlù lù dáadáa. Ní 1962, òun àti Dúró Ládiípọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèré àti ayàwòrán sílẹ̀ l'Òṣogbo. Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò, ni orúkọ tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn. Àwọn ará Òṣogbo sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, máa yọ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀?

Àkọ́kọ́ ni ibùgbé. Ẹni tó ń gbé inú ọgbà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í rí ìlú ju ti ojú fèrèsé mọ́tò lọ. Èkejì ni iṣẹ́: iṣẹ́ Beier fúnra rẹ̀ ló lé e jáde. Ẹ̀kẹta, ó wá kọ́ni, òun náà sì ń kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kẹrin, àwọn onílé ṣílẹ̀kùn. Bí Tìmì ò bá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ibo ni ì bá wọlé sí?

Ohun tó kan olùkọ́ tó ń lọ sí England nìyí. Kò sóhun tó burú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé láti kíláàsì sílé ni, láti ilé sọ́dọ̀ ará ilé, ta ni yóò sọ fún un bí wọ́n ṣe ń bá òbí ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tàbí ìgbà tí ọ̀gá bínú tí kò pariwo? Kó jókòó ti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kó béèrè ohun tí kò yé e.

Kó sì ṣọ́ ohun tó ń kọ nípa wọn. Lóde òní, káàdì ò nílò kó bọ́ sílẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí i kà. WhatsApp àti Facebook ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe.