Ṣé o mọ̀? Ẹni tí ìlú fi ń ra àlàáfíà
Ní oṣù Kẹfà ọdún 1948 ni ìwé ìròyìn The New Yorker tẹ ìtàn kúkúrú “The Lottery” tí Shirley Jackson kọ jáde. Nínú ìtàn náà, ará ìlú péjọ, wọ́n ń ṣàwàdà, àwọn ọmọdé ń ṣa òkúta jọ. Wọ́n ṣẹ́ kèké, ó mú ìyálé ilé kan, òkúta ọ̀hún ni wọ́n sì sọ lù ú. Lẹ́tà tó ju 300 lọ ló wọlé tọ òǹkọ̀wé náà. Ìyàlẹ́nu àti èébú ló kún ọ̀pọ̀ wọn.

Eré orí ìtàgé ni The Strong Breed ti Wọlé Ṣóyínká, kì í ṣe ìtàn kúkúrú, ṣùgbọ́n òun ló dùn mọ́ mi jù: àlejò ni ìlú ń wá láti fi gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọdún dànù.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ àwọn Nàgó, Yorùbá tó wà ní Benin, eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń tu àwọn ìyá, ìyẹn àwọn obìnrin alágbára, lójú. UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001. Ọkùnrin á wọ aṣọ obìnrin, á gbé ère lórí, á jó. Lóru, akọrin Ẹ̀fẹ̀ á bú ọ̀bàyéjẹ́ níṣojú gbogbo ọjà. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ òkúta lù ú: bílẹ̀ bá mọ́, ẹni tí wọ́n bú á gbé ọkọ́ rẹ̀, á gba oko lọ.